Níbo ni a ti lè rí ìwé ẹjọ́ oko bàbá wa, báwo sì ni a ṣe lè tọ́jú àwòrán oko náà?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Nígbà tí a ń palẹ̀ ẹrù bàbá wa mọ́ ní Òṣogbo lẹ́yìn tí wọ́n papò dà, a rí àpótí onírin kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Àwòrán dúdú-òun-funfun 23 ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú abala kan ṣoṣo nínú ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ ọdún 1952 lórí oko kòkó bàbá àgbà. Ikán ti jẹ etí ìwé náà, ibi tí orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ṣẹjọ́ wà gan-an ni ó sì jẹ lọ. Nínú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà, bàbá àgbà dúró ti ẹní tí wọ́n sá kòkó sí, wọ́n gbé ọwọ́ lé igi pèrègún kan, bí ẹni tí ń fi nǹkan han ayafọ́tò. Mo lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní òjò ti ba ìwé ìgbà náà jẹ́. Ṣé ó ti parẹ́ nìyẹn? Àwọn àwòrán náà ńkọ́, tí wọ́n ti ń lẹ̀ mọ́ra wọn?

Akọ̀wé Kóòtù Àná:
Ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Má tíì sọ ìrètí nù. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ ilẹ̀ kì í sábà parí sí ojú kan, nítorí pé ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn a máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tàbí kí ó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tí ń ṣojú ìjọba ní agbègbè, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ẹjọ́ a sì máa tẹ̀ lé e lọ. Bí ìwé kóòtù bá tilẹ̀ jẹrà ní Òṣogbo, ẹ̀dà rẹ̀ lè wà nínú fáìlì ajẹ́lẹ̀ ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Òṣogbo ti wà lábẹ́ ẹkùn Ọ̀yọ́ rí, nítorí náà fáìlì tí wọ́n kọ "Oyo Prof" (ti ẹkùn Ọ̀yọ́) àti "Oshun Div" (ti agbègbè Ọ̀ṣun) sí ni kí o kọ́kọ́ béèrè. "Oshogbo" ni kí o máa wò nínú ìwé atọ́ka, nítorí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo ti rí i rí tí wọ́n kọ orúkọ ọkùnrin kan ní oríṣi mẹ́ta nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kí o tó wọkọ̀, gbé àwòrán yẹn lọ bá àgbà tí ó kù nínú ẹbí yín. Orúkọ tí ikán jẹ lè wà lẹ́nu wọn.

Ayafọ́tò Òkè-Fìà:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa àwọn tí ó lẹ̀ mọ́ra ya, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín lẹ̀ wọ́n mọ́ inú rọ́bà pẹ̀lú iná, torí ohun tí iná àti gọ́ọ̀mù bá ṣe, kò ṣe é tú mọ́. Ẹ ya ojú àti ẹ̀yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ, nítorí pé òǹtẹ̀ ayafọ́tò sábà máa ń wà lẹ́yìn. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tí kò le kọ orúkọ sẹ́yìn, kì í ṣe bíró. Àpò ìwé ni kí ẹ kó wọn sí, ẹ má lo náílọ̀n, ẹ má sì gbé wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Agbẹjọ́rò Kan:
Àwòrán nìkan kò lè sọ ẹni di onílẹ̀. Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ṣèdájọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín Idundun àti Okumagba ní 1976, ọ̀nà márùn-ún ni a ti mọ̀ tí a fi ń fi ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ hàn: ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́, ìwé, lílo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti jíjókòó sórí ilẹ̀ tí ó bá a pààlà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wá nínú ìdájọ́ tí ẹ ní lọ́wọ́ ni ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí alágbàro ilẹ̀ ń san fún onílẹ̀. Bí bàbá àgbà bá ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹlòmíràn, kòkó ni wọ́n ni, wọn kò ni ilẹ̀. Ẹ múra sílẹ̀ láti ka ohun tí ẹ kò fẹ́ kà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Mo dúpẹ́ o, bàbá mi àti gbogbo yín. Mo gbé àwòrán náà lọ bá àbúrò bàbá àgbà, obìnrin. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú fèrèsé, wọ́n sì tọ́ka sí ọkùnrin kan ní etí àwòrán, tí fìlà rẹ̀ nìkan àti èjìká rẹ̀ kan hàn. Wọ́n ní òun ni wọ́n jọ ṣẹjọ́, wọ́n sì ní ọjọ́ tí wọ́n gbin pèrègún náà ni wọ́n ya àwòrán yẹn, lẹ́yìn tí kóòtù ti pààlà fún wọn. N kò fojú sí ọkùnrin náà rí nínú gbogbo ìgbà tí mo ti ń wo àwòrán yìí. Mo ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ní ti ìṣákọ́lẹ̀, ìyá àgbà dákẹ́ nígbà tí mo béèrè. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ sí Ìbàdàn.