Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń pe omi tó ń fa èèyàn kúrò létí òkun?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. A fẹ́ gbé pátákó ìkìlọ̀ kalẹ̀ sí etíkun kan ní Lẹ́kí, ọ̀rọ̀ kan ló ń dà wá láàmú. "Ìgbì" kò bá a mu: ìgbì ń bọ̀ wá sílẹ̀, èyí ń padà lọ sí agbami.

Ìgbì a kó omi wá sí etí iyanrìn, omi náà a sì wá ibi tí òkìtì iyanrìn abẹ́ omi ti ya gbà padà. Ojú ibẹ̀ máa ń dúdú díẹ̀, ìgbì kì í sábà fọ́ níbẹ̀. Ibi tó rọ̀ lójú yẹn gan-an lèèyàn ń yàn wọ̀! Omi náà lè sáré tó mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òmùwẹ̀ wo ló fẹ́ bá a dù ú? Kì í fa èèyàn lọ sísàlẹ̀, àárẹ̀ ló ń pani. Kéèyàn léfòó, kó na ọwọ́ sókè; bó bá lágbára, kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ níbẹ̀, kó tó kọjú sí etíkun. Ẹni tó wà lórí iyanrìn kò gbọdọ̀ bẹ́ wọlé lọ́wọ́ òfo: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ṣófo, tí wọ́n dé pinpin, ni kó jù sí i.

Ẹ̀yin Ìlàjẹ, Àwórì àti Ègùn, kí làwọn apẹja yín ń pè é? Ṣé "lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́" yóò yé ọmọ ọdún 10, àbí ká kúkú ya ọfà?