Asẹ́ kọ́ lèédú yìí: mo dá “èédú eléèmọ́” lábàá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ mẹ́ta la ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí: kí ni ká máa pe èédú tí Òyìnbó ń pè ní activated carbon, èyí tí wọ́n fi ń fọ omi mọ́, ní èdè Yorùbá? Ẹ̀gbọ́n wa kan dá “èédú ajíjí” lábàá, torí pé activated dà bí ohun tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹlòmíì ní “èédú asẹ́mi” ló yẹ ẹ́, nítorí pé iṣẹ́ omi sísẹ́ ló ń ṣe, ọ̀pọ̀ yín sì ti fọwọ́ sí èyí. Èmi náà ti fọwọ́ sí i nínú ọkàn mi tẹ́lẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ló yí mi lérò padà.

Àbúrò ìyàwó mi kan n’Ìjẹ̀bú-Òde ní àpótí onígíláàsì ńlá kan tó fi ń sin ẹja òkun àti iyùn. (Iyùn tó wà láàyè ni o. Egungun ẹran omi ni iyùn tí ẹ ń rí lọ́rùn àwọn èèyàn ńlá nígbà Ojúde Ọba. Èyí tó wà nínú àpótí ṣì ń jẹun. Bóyá ó yẹ kí orúkọ kan náà máa jẹ́ ti àwọn méjèèjì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.) Omi rẹ̀ níyọ̀ bí omi òkun, bíi gíráàmù 35 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí omi tí wọ́n rẹ ewé sí, ló bá kó èédú yìí sínú àpò aláwọ̀n kékeré, ó gbé e síbi tí pọ́ǹpù ti ń darí omi gba inú rẹ̀. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí omi fi mọ́ kedere.

Màmá bá wa níbẹ̀. Ògì ni Màmá fi tọ́ àwọn ọmọ wọn, l’ọ́jà Òkè-Ajé ni wọ́n ti ń tà á, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ asẹ́ ṣeré. Mo fẹ́ ṣe bí ọ̀mọ̀wé, mo ní, “Màmá, èédú asẹ́mi ni wọ́n ń pè é.” Wọ́n ti ìka bọ omi, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní, “Iyọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kì í mú iyọ̀. Wọ́n ní ohun tó bá ti yọ́ sínú omi, asẹ́ kan kì í mú un. Èèrí ni asẹ́ ń mú. “Àwọ̀ tó kúrò lójú omi yìí wá ńkọ́? Ṣé èèrí ni àwọ̀ náà?”

Mi ò rí nǹkan fọ̀.

Ẹ wò ó, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ìwọ̀n ni asẹ́ fi ń ṣiṣẹ́: ohun tó bá tóbi ju ojú rẹ̀ lọ yóò kù sókè, èyí tó kéré yóò bá omi lọ. Àwọ̀ tó wà nínú omi àpótí yẹn ti yọ́. Oró tí àwọn iyùn rírọ̀ kan ń tú sómi láti fi lé aládùúgbò wọn sẹ́yìn náà ti yọ́. (Bẹ́ẹ̀ ni, ìjà àlà ilẹ̀ wà lábẹ́ omi náà.) Èédú mú àwọ̀, ó mú oró, ó wá jẹ́ kí iyọ̀ kọjá. Náítírétì àti fọ́sífétì, èròjà tó ń yọ́ sínú omi bí iyọ̀, náà ń kọjá lára rẹ̀. Tí a bá sọ ọ́ ní asẹ́mi, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé gbogbo ohun tí kì í ṣe omi ló ń sẹ́ kúrò. Mo bẹ̀rù kí ẹnì kan má lọ fi sẹ́ omi òkun mu.

Ti “ajíjí” ńkọ́? Ìbéèrè mi kò pọ̀: ìgbà wo ni èédú sùn? Tí ẹ bá sì ní “èédú tí a jí”, ẹni tó bá kà á yóò béèrè pé ẹ̀yìn ilé ta ni wọ́n ti jí i kó. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún un kò jọ jíjí rárá. Wọ́n á sun èèpo àgbọn líle, tàbí igi, tàbí èédú inú ilẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní ráyè wọlé kó sọ ọ́ di eérú. Lẹ́yìn náà wọ́n á fẹ́ ooru omi gbígbóná (steam) sí i, bíi 800 sí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru yìí á sì jẹ inú rẹ̀ dáradára, yóò kún fún ihò tí ojú wa ò lè rí. Tí a bá lè tẹ́ gbogbo ara inú ihò wọ̀nyẹn sílẹ̀ bí ẹní, èyí tó dáa nínú wọn lè fẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún kan (1,000) mítà níbùú lóròó nínú gíráàmù kan ṣoṣo. Èyí ni pé bíi gíráàmù méje, ṣíbí ìjẹun kan, yóò fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan ti ní “oníhò” nígbà kan, ṣùgbọ́n èédú ìdáná náà ní ihò tirẹ̀. Pípọ̀ ihò ló yàtọ̀.

Ara fífẹ̀ yẹn ni nǹkan ń lẹ̀ mọ́. Fóòmù ń fa omi mu. Ti èédú yìí kì í ṣe fífàmu, lílẹ̀mọ́ ni. Àwọn Òyìnbó pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Scheele, onímọ̀ kẹ́mísírì kan, ti kíyè sí i ní 1773 pé èédú ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n ó di 1881 kí Heinrich Kayser ará Jámánì tó gbé adsorption (lílẹ̀mọ́) jáde, tó fi lẹ́tà kan ṣoṣo yà á kúrò lára absorption (fífàmu).

Kí ló ń lẹ̀ mọ́ni láì wọnú ẹni nílé wa? Èèmọ́ ni. Ẹni tó bá gba ọ̀nà oko kọjá mọ̀ ọ́n: kóríko yẹn kì í wọnú aṣọ, ojú aṣọ ló ń mọ́. Mo fẹ́ ká pè é ní “èédú eléèmọ́”, bí a ṣe lè pe ẹni tó ti inú igbó jáde tí èèmọ́ bò láti ìsàlẹ̀ dókè. Èédú kọ́ lèèmọ́ o, èédú laṣọ. Bí èèmọ́ bá ti bo aṣọ, kò sí àyè fún òmíràn, ìdí nìyẹn tí àbúrò wa fi ń pààrọ̀ èédú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra. Iyọ̀ ní tirẹ̀, kóríko tí kò ní ìkọ́ ni. Mi ò sọ pé mọ́ tí omi fi ń mọ́ àti mọ́ tí èèmọ́ fi ń mọ́ aṣọ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n etí mi gbádùn bí wọ́n ṣe bára wọn pàdé níbí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yóò kà á sí èèmọ̀, ta ló sì fẹ́ gbé èèmọ̀ sínú omi ẹja rẹ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Kayser gbà kí lẹ́tà kan ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Àwa náà lè gbà kí àmì ohùn kan ṣe é. Àwọn tó ń ṣe píọ́wọ́tà ládùúgbò wa yóò ṣì máa pè é ní kábọ̀n, àbúrò wa náà bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jà. Ìwé tí a fẹ́ fi kọ́ ọmọ ni mo ń rò.

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí omi lápá Abìgì, ṣé èèmọ́ náà lẹ ń pe kóríko yìí lọ́dọ̀ yín, àbí ẹ ní orúkọ mìíràn tí kò ní bá èèmọ̀ jà?