Báwo ni ọmọ iṣẹ́ mi ṣe lè máa ṣe backup láì jẹ́ Administrator?

Bọ̀dá Tẹ̀wétẹ̀wé: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní, Windows 10 Pro ló wà lórí kọ̀ǹpútà tó gbé iṣẹ́ àwọn kọ́sítọ́mà. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń kó fáìlì sínú external (hard drive tí a ń ki bọ kọ̀ǹpútà) ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Friday, "Access is denied" ló ń rí ṣáá ni mo bá sọ ọ́ di Administrator, ẹni tó láṣẹ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, ọ̀sẹ̀ méjì ò pé tí mo bá géèmù mẹ́ta níbẹ̀. Mo ti yọ ọ́, backup náà bá dúró. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ẹlẹ́rọ Mọ́kọ́lá: Géèmù mẹ́ta péré? Orí yín dáa sir. Ẹ fi í sínú grúùpù Backup Operators, ìyẹn àwọn tí Windows gbà láyè láti ṣe backup láì jẹ́ Administrator. Ẹ fi Run as administrator ṣí cmd (ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ), kí ẹ tẹ:

net localgroup "Backup Operators" orúkọ_ẹ̀ /add

Kó sign out kó tó padà wọlé o, ibẹ̀ ni mo ti fi odindi ọ̀sán ṣòfò nígbà kan. Lẹ́yìn náà kóun náà fi Run as administrator ṣí cmd tiẹ̀, á bèèrè password, tiẹ̀ ni kó fi síbẹ̀, kó wá lo robocopy, irinṣẹ́ Windows tó ń da fáìlì kọ:

robocopy D:\Ise E:\Backup /E /B

/B yẹn ló ń lo àṣẹ tí grúùpù náà fún un, copy àti paste lásán ò ní ṣe é.

Màmá Server: Ẹ rọra o. Ẹni tó bá wà nínú grúùpù yẹn lè kó fáìlì yòówù, ẹ ò báà tì í pa, títí kan ibi tí Windows kó password sí, ó sì tún lè fi fáìlì àtijọ́ bo tuntun mọ́lẹ̀. Ṣé ìwé owó oṣù yín wà lórí ẹ̀?

Bọ̀dá Tẹ̀wétẹ̀wé: Ó wà níbẹ̀ mà! Mo wọ secpol.msc (ibi tí Windows ti ń pín àṣẹ fún èèyàn), mo fún un ní "Back up files and directories" nìkan, mi ò fún un ní ti Restore (dídá fáìlì padà), robocopy wá ń pariwo pé kò ní Backup and Restore Files user rights.

Màmá Server: Bẹ́ẹ̀ ni, méjèèjì ni /B ń fẹ́. Ẹ gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ dá account mìíràn tẹ́nikẹ́ni ò mọ password ẹ̀ àfi ẹ̀yin, ẹ fi ìyẹn sínú Backup Operators, kí ẹ wá gbé robocopy yẹn sínú Task Scheduler tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ní àkókò tí ẹ bá yàn, Friday aago márùn-ún, ẹ mú "Run whether user is logged on or not" àti "Run with highest privileges". Kí ọmọ yẹn ṣáà ti ki external bọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí fáìlì bá sọnù, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá a padà. Kẹ́ ẹ sì tan BitLocker (àgádágodo tí Windows fi ń ti dísíìkì) sórí external yẹn, kó lè wà ní títì tí ẹ bá ti gbé e kúrò; láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni bá mú un lọ ò nílò àṣẹ kankan láti kà á.

Bọ̀dá Tẹ̀wétẹ̀wé: Ẹ ṣeun mà. Àná ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, aago márùn-ún géérégé ni iná external bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ọmọkùnrin náà jókòó tì í, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n já ẹran gbà lọ́wọ́ ẹ̀.