Mo fún ọmọ mi lọ́mú dáadáa, kí ló dé tí ásímà tún mú un?

ÌyáDára_Mushin: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin àǹtí mi. Dára á pé ọdún mẹ́fà lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi fún un lọ́mú láìfi omi kún un, ìyá ọkọ mi bínú títí torí mi ò jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́ lágbo, mo ṣì fún un lọ títí ó fi lé lọ́dún kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, láàjìn òru, mo kàn gbọ́ tí àyà ẹ̀ ń dún fíì-fíì bíi fèrè, mo tan iná, mo rí i tí abẹ́ ìhà ẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń fa èémí. A gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní ásímà ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá ní ká ní mo fún un lọ́mú dáadáa ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Ẹ̀kó: Ẹ má sunkún àǹtí mi, ẹjọ́ yín kọ́ rárá. Ìwádìí ńlá kan wà lórí ásímà àti alẹ́jì àwọn ọmọdé káàkiri ayé, ISAAC ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣe lára apá àkọ́kọ́ ẹ̀ n'Ìbàdàn níbí. Lọ́dún 2009 wọ́n gbé èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún 8 sí 12 jáde, àwọn ọmọ yẹn lé ní 50,000. Ní àwọn ìlú tí ò lówó, ọmọ tó mu ọmú, àyà ẹ̀ kì í sábà dún tó ti èyí tí ò mu, àmọ́ àyà dídún tí ò ní alẹ́jì nínú nìkan o. Èyí tó bá alẹ́jì rìn, ọmú ò dí i lọ́wọ́, ì báà ṣe ìlú olówó ì báà ṣe irú tiwa. Ṣé ẹnì kankan ní ásímà nínú ẹbí?

ÌyáDára_Mushin: Bàbá ẹ̀ ni! Ó ní in ní kékeré.

Bọ̀dáAgége: Ṣé ọmú ò wá wúlò nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Ẹ̀kó: Háà, ó wúlò bọ̀dá. Ní Belarus, wọ́n tẹ̀ lé ìyá àti ọmọ tó lé ní 17,000 láti 1996, wọ́n ran apá kan lọ́wọ́ kí wọ́n lè fọ́mọ lọ́mú pẹ́. Nígbà táwọn ọmọ tí wọ́n ran ìyá wọn lọ́wọ́ yẹn lé lọ́dún mẹ́fà, ásímà tiwọn ò dín sí ti àwọn yòókù lóòótọ́, àmọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ wọn ìgbẹ́ gbuuru dín kù gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Èkó, ẹ mọ iye ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń gbà lọ́wọ́ wa.

MàmáÌbejì_Yaba: Ìyá Dára, ibo ni jẹ́nẹ́ yín wà? Èéfín ẹ̀, ti sítóòfù kẹrosíìnì, ti kọ́ílì ẹ̀fọn, gbogbo ẹ̀ ló ń bá ọmọ alásímà jà. Tọ́mọ ò bá mọ ínhélà fà, ẹ gé ihò sí ìdí ike omi 500ml, kí ẹnu ínhélà wọ̀ ọ́ pinpin, kí ọmọ fẹnu bo ẹnu ike kó máa mí wọlé mí jáde. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ọsibítù yín wò ó kẹ́ ẹ tó lò ó.

ÌyáDára_Mushin: Ẹ ṣé gan-an mọ̀mí. Abẹ́ wíńdò yàrá tó ń sùn gan-an ni jẹ́nẹ́ wà. Mo ti ní kí bàbá ẹ̀ gbé e lọ sẹ́yìn fẹ́ńsì lálẹ́ yìí.