Ta ló ti rí i lójú ara rẹ̀ kí olùdíje fi "mi ò fẹ́ ogun" wá ìbò ní Amẹ́ríkà?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Maryland
Ẹ kú ilé o. Èmi àti ọmọ mi la jọ ń jiyàn láti àná. Ó ní ogun Ìráàkì ló gbé Obama wọlé ní 2008. Mo ní irọ́ ni, ọrọ̀ ajé tó dojú dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni. Ta ló bá wọn kanlẹ̀kùn wá ìbò nígbà náà? Ta ni wọ́n wá kanlẹ̀kùn rẹ̀? Ohun tójú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ má ka ìwé ìròyìn sí mi létí.

Ọ̀gá Takisí
Èmi wà ní Federal Plaza ní Chicago lọ́jọ́ kejì oṣù kẹwàá 2002, lọ́jọ́ tí Obama sọ̀rọ̀ tako ogun Ìráàkì gan-an.

Àdùkẹ́
Ẹ̀gbọ́n, bí a bá ka gbogbo ará Chicago tó ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọn á ju èrò ọjà Bódìjà lọ.

Ọ̀gá Takisí
Ó dáa, inú mọ́tò mi ni mo wà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká mi mọ́, mo sì ń ṣépè fún àwọn tó ń ṣe ìwọ́de. Mo ṣáà gbọ́ ohùn ẹnì kan látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ Illinois lásán ni nígbà yẹn, ta ló mọ̀ ọ́n? Ìgbà tó di 2007 ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo ṣépè fún ni wọ́n fi ń polongo: pé kì í ṣe gbogbo ogun lòun lòdì sí, ogun òpònú lòun kò fẹ́.

Àdùkẹ́
😂😂 Ẹ ṣépè fún ààrẹ!

Adé Des Moines
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Iowa nígbà náà, físà ni mo ní, mi ò lè dìbò. Ṣùgbọ́n òfin ò ní kí àlejò má ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, owó nìkan ni kò gbọdọ̀ dá. Bàtà tí mo gbé wá láti Èkó ni mo fi ń rìn nínú yìnyín, tí mò ń kanlẹ̀kùn fún Obama. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa kọ́ wa pé ká má bú Hillary Clinton tó ń bá Obama díje rárá. Ẹ kọ́kọ́ bi onílé pé kí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Tó bá dárúkọ ogun, kẹ́ ẹ sọ pé "2002", kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ó ní ọdún yẹn tó. Àní kò tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Chicago tí àwọn Sẹ́nétọ̀ àgbà dìbò láti fún Bush láṣẹ ogun náà, 77 sí 23, Clinton, Edwards àti Biden, tí wọ́n wá bá Obama díje, sì wà lára àwọn 77 tó fara mọ́ ọn.

Ó wá di alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kìíní 2008, alẹ́ tí àwọn Democrat ní Iowa ń yan ẹni tí wọ́n fẹ́ kó díje fún ipò ààrẹ. Gbọ̀ngàn eré ilé ìwé kan ni, mo jókòó sí ibi àwọn òǹwòran. Àwọn aráàlú kì í fi ìwé sínú àpótí níbẹ̀ nígbà náà, ńṣe ni wọ́n ń tò sí igun igun, tí wọ́n ń kà wọ́n lórí bí ẹni ń ka ewúrẹ́. Igun tí kò bá pé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún á tú ká. Igun Kucinich, aṣòfin tó ń bá Obama díje, ò ju èèyàn mẹ́rin lọ. Ìyá arúgbó kan níbẹ̀ wọ súwẹ́tà pupa. Ọ̀dọ́kùnrin tiwa kan lọ bá a pé kó máa bọ̀, Kucinich fúnra rẹ̀ ṣáà ti ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá náà wò ó, ó ní: "Tiwa dìbò 'rárá' nínú ilé ìgbìmọ̀. Tiyín sọ̀rọ̀ níta." Ó ká kóòtù rẹ̀ mọ́ apá, ó bá rọra rìn wá sọ́dọ̀ wa.

Kẹ́hìndé
Ìyá yẹn ti parí ọ̀rọ̀. Hyde Park ní Chicago ni Obama ń ṣojú fún nígbà yẹn, ta ló fẹ́ ogun ní Hyde Park? Ẹni tí kò sí lójú àwo, kí ló fẹ́ jẹ tó fi máa ta sí i lára?

Lawyer Ọ̀ṣun
Kẹ́hìndé, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ń wo ipò Sẹ́nétọ̀ àgbà 2004 nígbà yẹn, Bush sì wà lórí ẹṣin. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Kẹ́hìndé
Tó bá jẹ́ pé kíkọ ogun ló ń múni wọlé, kí ló dé tí Kucinich ò fi di ààrẹ?

Ṣọlá
Àti Howard Dean tó tako ogun náà ní 2004! Igbe tó ké níwájú kámẹ́rà ló pa á.

Lawyer Ọ̀ṣun
Igbe kọ́. Ipò kẹta ló ti gbé ní Iowa kó tó ké e. Ẹ máa ṣèwádìí.

Màmá Ṣọ́jà, Texas
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Killeen ni mò ń gbé, lẹ́bàá Fort Hood. Oṣù kejì 2008, ọmọ mi wà ní Ìráàkì, ìrìn ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Mò ń din dòdò nígbà tí ọmọ kékeré kan kanlẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní olùdíje tòun ti lòdì sí ogun yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní: "Ọmọ mi wà níbẹ̀ báyìí. Ṣé ohun tó ń ṣe níbẹ̀ jẹ́ lásán ni?" Ọmọ náà ò lè fèsì. Ó wo fọ́tò ọmọ mi lára ògiri, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ní kó wọlé wá mu omi. A jókòó, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìbò mọ́, títí òórùn dòdò tó ń jóná fi gbé wa dìde.

Àdùkẹ́
Màmá 😭 Ṣé ó padà bọ̀?

Màmá Ṣọ́jà, Texas
Ó bọ̀ o, a dúpẹ́. Ariwo ọlọ́jọ́ ìbí kì í jẹ́ kó sùn.

Ìdòwú
Ẹ máà bínú Ma, kí ló gbé e wọ ológun? Torí ìwé ìgbélùú?

Màmá Ṣọ́jà, Texas
Ìwé ńkọ́? Ìwọ gba tìẹ lọ́wọ́ ta ni?

Ọ̀gá Takisí
Ìdòwú, o ti wọ̀ ọ́! Àṣẹ Bush ní 2002 ló jẹ́ kí àwọn ṣọ́jà onígíríìnkáàdì tètè di ọmọ ìlú. Àwọn ọmọ wa tó bá a lọ, mo mọ mẹ́ta.

Bàbá Massachusetts
Ẹ̀yin ọmọdé, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Boston ní 1972. McGovern, olùdíje Democrat, ní òun á kó àwọn ọmọ wọn kúrò ní ogun Vietnam, Ààrẹ Nixon nà án ní ìpínlẹ̀ 49. Massachusetts àti Washington D.C. nìkan ló mú. Nígbà tí àṣírí Watergate, ìwà ìbàjẹ́ àwọn èèyàn Nixon, tú, sítíkà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́yìn mọ́tò: ẹ má bá mi wí, ará Massachusetts ni mí. Onílé mi lẹ ẹ́ mọ́ mọ́tò rẹ̀. Nixon ló sì dìbò fún! Mo mọ̀, mo ti bá a jiyàn.

Ṣọlá
Ọmọ Adámọ̀ 😂

Kẹ́hìndé
Obama yín náà ńkọ́? Oṣù kejìlá 2009 ló ní òun fẹ́ fi 30,000 ṣọ́jà kún ti Afghanistan. Oṣù kan náà ló lọ gba Nobel àlàáfíà.

Adé Des Moines
Ó sọ ọ́ nígbà ìpolongo pé òun á ja ti Afghanistan. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, onílé á ti máa ṣe "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" nítorí Ìráàkì, èmi náà á yáa sáré lọ sílé kejì. Òtútù ni.

Lawyer Ọ̀ṣun
Ààrẹ Wilson náà fi "ó yọ wá nínú ogun" wọlé ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Oṣù kẹrin 1917, ogun.

Ìdòwú
Trump náà pe Ìráàkì ní àṣìṣe ńlá níwájú àwọn Republican ní South Carolina ní 2016, ó sì jáwé olúborí níbẹ̀.

Lawyer Ọ̀ṣun
Lórí rédíò ní 2002, wọ́n bi í bóyá ó fara mọ́ ọn. Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Ìdòwú
Ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àdùkẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà gbé Trump wá síbí. Màmá, ta ni ẹ wá dìbò fún?

Màmá Ṣọ́jà, Texas
Ọmọ yẹn jẹ nínú dòdò tó jóná o. Ó ní ó dùn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Maryland
Ọmọ mi ti ka gbogbo rẹ̀, ó ní Iowa tí Obama ti borí Clinton ti fi hàn pé òun ló jàre. Mo ní Iowa ò kan McCain, olùdíje Republican tí Obama bá fà á lóṣù kọkànlá. Kó kọ́kọ́ lọ fọ abọ́ ná.