Ìṣípayá kọ́, ìsúnmọ́ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá dábàá "àrùn àníyàn" fún anxiety disorder, wọ́n sì ní ká pe exposure therapy, ìwòsàn tó ń mú èèyàn pàdé ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, ní "ìwòsàn ìṣípayá". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò lè gba èkejì yẹn rárá. Ìṣípayá ti di ti àwọn oníjọ. Ẹ sọ fún ìyá kan l'Óṣogbo pé ìwòsàn ìṣípayá lẹ fẹ́ ṣe fún ọmọ rẹ̀, wòlíì tó fẹ́ ríran sí i ni yóò máa wá.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́dún 1924, Mary Cover Jones ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn bó ṣe tọ́jú ọmọdékùnrin kan, Peter, tí ẹ̀rù ehoro ń bà. Bí ọmọ náà bá ti ń jẹ oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n á gbé ehoro inú àgò sí ọ̀kánkán, wọ́n á máa sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Peter jẹ́ kí ehoro náà máa fẹnu ge ìka òun jẹ́jẹ́. Wọ́n ń sún un mọ́ ọn! Ọ̀rọ̀ tí à ń wá ti wà lẹ́nu wa. Ìwòsàn ìsúnmọ́-ẹ̀rù ni mo dábàá.

Mo fojú ara mi rí i. Àbúrò mi obìnrin kò lè gba Third Mainland Bridge mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti yà ní Oworonshoki, àyà rẹ̀ á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, èémí á kúrú, á ní òun ń kú lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò; kò sí nǹkan kan. Ló bá ń yí gba Eko Bridge, ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ìdí nìyí tí "àníyàn" kò fi tó. Ẹni tí kò tíì rówó ilé-ìwé ọmọ ń ṣàníyàn, kò ṣàìsàn. Ó di àìsàn nígbà tí ẹ̀rù bá ju ohun tó fà á lọ, tí kò lọ bọ̀rọ̀, tó ń dí èèyàn lọ́wọ́. "Àìsàn ìfòyà" ni mo fara mọ́, kí panic attack sì jẹ́ "àyà jíjá òjijì", torí bí àwọn tó ń ṣe ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Nígbà tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ ìwòsàn yìí, dókítà ní kó máa fi 0 sí 100 díwọ̀n ẹ̀rù rẹ̀: 0 ni pé kò sí ẹ̀rù, 100 ni ẹ̀rù tó ga jù. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n kàn jókòó sínú ọkọ̀ tó dúró, afárá ń hàn lọ́ọ̀ọ́kán: 40. Wọ́n wá gun afárá náà, wọ́n sọ̀ ní Adékúnlé: 80. Wọ́n tún un gùn. Lẹ́ẹ̀kẹrin, 30. Ẹni tó ní ká pè é ní "ìkojú-ẹ̀rù", ẹ jọ̀ọ́, ogun ń rùn lára ọ̀rọ̀ "kojú", kò sì sẹ́ni tó bá afárá jà níbẹ̀. Mo gbà pé ìsúnmọ́ nìkan kò sọ ti ìdúró: ẹni náà kò ní sá, yóò dúró títí ara rẹ̀ á fi mọ́ ọn. Kí ìyẹn wà nínú ìtumọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí n kò tíì rí, fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní safety behaviour. Ike omi kan wà tí àbúrò mi ń dì mú gírígírí lórí afárá. Dókítà ní kó gbé e sílẹ̀, torí ó ti ń rò pé ike yẹn ló ń gba òun là. Mo ronú "ìdìrọ̀mọ́", kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, kí lẹ ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín?