"Ìdínà ìtọ̀" kọ́: ọ̀rọ̀ "há" ni ó bá àìsàn náà mu

Ẹ̀gbọ́n wa láti Mọ̀pà dábàá pé kí a máa pe àìsàn tí kì í jẹ́ kí ìtọ̀ rọ́nà jáde dáadáa láti inú àpòòtọ̀ ní "ìdínà ìtọ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Bí a bá ní ihò dí, ohun tí ará ilé wa ń gbọ́ ni pé nǹkan kan kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn tí àìsàn yìí ń ṣe ṣì ń tọ̀, àní wọ́n ń tọ̀ lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ilé wa ní Kàbà, bàbá mi kékeré a máa jí tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru. A ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún, yóò sì dúró ti ògiri ẹ̀yìnkùlé pẹ́ kí ohunkóhun tó jáde; nígbà tí ó bá sì jáde, á máa kán tó, tó, tó sórí sálúbàtà rẹ̀, kò sì ní tíì dùbúlẹ̀ tán tí ìtọ̀ yóò tún ti máa gbọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé ìtọ̀ rẹ̀ ló dí, ó fìbínú dáhùn pé, "Ṣé èmi tí mo ń tọ̀ mọ́jú ni ìtọ̀ dí fún?" Bàbá jàre.

Nítorí náà ni mo ṣe mú "híhá ẹnu-ọ̀nà àpòòtọ̀" wá. Ọ̀nà tí ó há ṣì ṣeé gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbà á yóò jìyà, àpòòtọ̀ gan-an ni ó sì ń jẹ ìyà náà níhìn-ín. N kò sọ pé "ọrùn", nítorí kì í ṣe ọrùn àpòòtọ̀ nìkan ni ó ń há: pròsítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tí ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká lábẹ́ àpòòtọ̀, lè wú kí ó sì fún ọ̀nà náà pọ̀, àpá àtọ̀sí àtijọ́ lè sún un kì, òkúta lè há sí i, bẹ́ẹ̀ ni àpòòtọ̀ obìnrin tí ó yẹ̀ wálẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ wọ́. Ìdí nìyí tí "àìsàn àgbà ọkùnrin", tí ẹnìkan dábàá, kò fi lè dúró.

Ó tún ku "àpòòtọ̀ alágbára", orúkọ tí a dábàá fún àpòòtọ̀ tí ó ń bá ẹnu-ọ̀nà híhá yìí jìjàkadì. Òótọ́ ni pé bí àpòòtọ̀ ṣe ń tiraka láti ti ìtọ̀ jáde, ẹran ògiri rẹ̀ ń nípọn sí i, ṣùgbọ́n nínípọn kì í ṣe agbára. Àpòòtọ̀ àgbàlagbà lè gba nǹkan bíi mìlílítà 400 sí 500. Èyí tí ògiri rẹ̀ ti nípọn báyìí lè máa fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ó tó kún rárá. "Àpòòtọ̀ oníwàǹwára" ni èmi yóò pè é. Bí ó bá pẹ́, ó lè rẹ̀ ẹ́: ìtọ̀ á máa ṣẹ́ kù sí i nínú, kòkòrò àrùn àti òkúta á fi ibẹ̀ ṣe ilé, ìtọ̀ á máa jò láìgbàṣẹ, kíndìnrín pàápàá lè fara gbá a. Èyí tí ó ti rẹ̀ yìí tún ń fẹ́ orúkọ tirẹ̀, nítorí pé ìtọ̀ rẹ̀ náà kì í yára jáde, bẹ́ẹ̀ ẹnu-ọ̀nà mìíràn lè má há rárá kí àpòòtọ̀ sì ṣe aláìlágbára.

Ẹ jẹ́ kí a fi "dí" pamọ́ fún ọjọ́ tí ènìyàn kò lè tọ̀ rárá, tí abẹ́ ìdodo rẹ̀ wú, tí ó ń pariwo ìrora, tí a sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà.